Ipa tí Ìrísí Imú Ọkọ̀ Ojú Irin Ayárabíàṣá ń Kó lórí Afẹ́fẹ́

Ní gbangba, afẹ́fẹ́ a máa yà lọ́nà fún ọkọ̀ ojú irin. Nínú ihò tí a lu la òkè já, kò ríbi yà sí. Bí ọkọ̀ ayárabíàṣá bá já wọ ibẹ̀, ńṣe ni yóò fún afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀. Ìfúnpọ̀ yìí yóò di ìgbì tí ń sáré bí ìró, yóò sì dún gbàmù ní ẹnu ihò kejì kí ọkọ̀ tó yọ. Ariwo yìí ni ó ń da àwọn ará ìtòsí láàmú ní ọ̀nà Sanyo ní Japan, níbi tí irú ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí.

Eiji Nakatsu, onímọ̀-ẹ̀rọ tí ó fẹ́ràn ẹyẹ wíwò, rántí ẹyẹ apẹja, tí ń bẹ́ sódò láìta omi púpọ̀ nítorí pé àgógó ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó dé ìdí. Imú ọkọ̀ 500, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, jọ ọ́. Ó gùn ní mítà 15. Ìfúnpọ̀ kò wá dé lójijì mọ́. (Àyè ìjókòó èrò ni ó fara gbá a.) Síbẹ̀, gígùn nìkan kọ́: mítà 10.7 péré ni imú ọkọ̀ N700 ti 2007, bẹ́ẹ̀ 300 kìlómítà ní wákàtí kan ni a gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ láti máa sá lọ́nà náà. Bí imú ṣe ń fẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu bí ìgbì yóò ti le tó.