Ọ́fíìsì Lọ́yà Tí Ó Bá Ọ̀gá Kú

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ìjòkó wá bá mi ní ilé-ìwé lọ́jọ́ kan, ó di ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sínú gèlè. Ẹjọ́ ilẹ̀ náà ti lé ní ọdún mẹ́ta ní kóòtù, lọ́yà rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, àwọn lọ́yà kékeré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tú ká. Akọ̀wé nìkan ni ó bá níbẹ̀, òun náà kò sì mọ ibi tí fáìlì wà. Ìyá bi mí pé, “Tíṣà, ṣé bí lọ́yà bá kú, ẹjọ́ náà kú ni?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹjọ́ kò kú. Ọ́fíìsì ni ó kú, nítorí pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ọ̀gá nìkan ni ó mọ àwọn oníbàárà, òun nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, òun nìkan ni ó mọ iye tí ó ń wọlé. Gbígbé àpò ni iṣẹ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò pẹ́ níbi tí kò ti ní ìpín?

Àwọn àgbà lọ́yà kan ti gba ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Ní ọdún 1948, Bọ̀dé Thomas, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé pa ọwọ́ pọ̀ ní Èkó, wọ́n dá ọ́fíìsì Thomas, Williams and Kayode sílẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n ikú kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ní 1953 ni Bọ̀dé Thomas kú, kò tí ì pé ogójì ọdún.

Nítorí náà, ìfẹ́ nìkan kò tó, ó di dandan kí àdéhùn wà. Òfin àjọṣe òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890, tí a ti mú tiwa jáde, sọ pé bí ọ̀kan nínú àwọn alájọṣe bá kú, àjọṣe náà tú ká, àfi bí wọ́n bá ti ṣe àdéhùn mìíràn. Ìgbà tí ara le ni kí a kọ ọ́: ta ni yóò gba ipò, kí ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ni ó tọ́ sí ìdílé olóògbé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Òfin ìwà àwọn lọ́yà kò gbà kí lọ́yà bá ẹni tí kì í ṣe lọ́yà dá irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò kọ́ òfin lè jogún ilé àti mọ́tò bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àwọn lọ́yà kékeré gan-an ni àrólé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà méjì mọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí fáìlì ṣe é kà fún ẹlòmíràn, kí a san owó oṣù lọ́jọ́ rẹ̀, kí a sì fi ìpín han ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ pẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ṣàngó Ọ̀tà kì yóò fi ọ̀rọ̀ wọn lé ọ́fíìsì tí ó lè parẹ́ lóru ọjọ́ kan lọ́wọ́.

Ìyá náà wá rí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ẹjọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá fẹ́ gba lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: “Ta ni ẹnì kejì tí ó mọ ọ̀rọ̀ mi?” Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan náà.