Egungun Wa, Kóló Wa

Ìyá kan ládùúgbò wa, ẹni 60 ọdún, yọ̀ ní balùwẹ̀. Ọwọ́ lásán ni ó fi tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Wọ́n ní ayé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Osteoporosis ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn tí ń sọ inú egungun di ihò wẹẹrẹ, bí igi tí ikán jẹ. Kì í sì í dun ni títí egungun yóò fi kán.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kóló ni egungun. A ń kó sínú rẹ̀ títí di nǹkan bí ọmọ 30 ọdún. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, níná ló kù. Ẹni tí tirẹ̀ dáwọ́ dúró ṣáájú ọdún 45, ẹni tí ó rù, ẹni tí ń mu sìgá, ẹni tí egungun ìbàdí ìyá rẹ̀ kán rí, kí ó ṣọ́ra. Prednisolone tí àwọn kan ń rà lọ́jà láti fi sanra a máa jẹ egungun bí a bá lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ọmú fífún ńkọ́? Ẹ má fòyà. Díẹ̀ tí ọmọ ń fà nínú egungun ìyá ń padà bọ̀ lẹ́yìn tí a bá já a lẹ́nu ọmú.

Mo mọ̀ pé baálé ni a kọ́kọ́ ń bu ẹja fún. Wàrà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu tiyín sọ́tọ̀.