Nítòsí ihò ni gọ́ọ̀fù ti ń le: iṣẹ́ tí ọ̀pá chipper lè ṣe, àtèyí tí kò lè ṣe

Ní Houinmè wa níbí, tí wọ́n bá ti ní eré bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí. Gọ́ọ̀fù dà bí eré àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Ẹni tó bá gba ẹnubodè Kraké kọjá, tó wọ Èkó, yóò bá pápá gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí, yóò sì bá òmíràn ní Ìkẹjà. Ẹni tó ní ẹbí ní Abidjan mọ̀ pé pápá ńlá kan wà ní Riviera, ọ̀kan sì tún wà ní Yamoussoukro. Àwọn ọmọ tálákà pọ̀ tó jẹ́ pé àpò ọlọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kiri lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kádì, kí àwọn náà tó wá di ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹun. Àwọn àgbà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì náà ń fi í na ara. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ òní kàn: ṣé kí ènìyàn yọ owó lápò ra ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní chipper, àbí kó fi owó ẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ihò 18 ló wà ní pápá tó pé. Bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, lẹ máa fi ọ̀pá gbá títí yóò fi já sínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 108. Agolo tòmátò ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó o. Ẹni tó bá gbá a níye ìgbà tó kéré jù ló borí. Nítorí náà, ìgbà tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù lọ 200 mítà, ẹyọ kan ni wọ́n kà fún yín. Ìgbà tẹ́ ẹ kàn tì í bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹyọ kan náà ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí. Wọ́n á na bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì péré, á ti dé ẹ̀bá gíríìnì, ìyẹn koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ pátápátá yí ihò ká. Inú wọn á dùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó parí ohun tó yẹ kí ẹ̀ẹ̀mejì parí.

Kí ló fà á? Ọ̀pá tí ọ̀pọ̀ ń yọ lápò níbẹ̀ ni wedge, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún inú yanrìn. Ojú irin rẹ̀ dẹ̀yìn gan-an, ó tó bíi dígírì 56, kí bọ́ọ̀lù lè fò sókè kó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, nǹkan ẹwà ni. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á kọ́kọ́ mú un pé bọ́ọ̀lù ò ní gbéra, á wá fẹ́ fi ọrùn ọwọ́ bù ú sókè bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá ti ṣẹ́ báyẹn, ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Irin lè kọ́kọ́ wa ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí bọ́ọ̀lù sún bíi mítà kan péré. Tàbí kí ilẹ̀ líle ta irin náà padà sókè, kí etí rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní àárín ikùn, kó fò kọjá gíríìnì lọ sódìkejì. Ẹ ti rí i lórí tẹlé, ẹ sì ti rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe é kì í rẹ́rìn-ín.

Nítorí ìjàǹbá yìí ni wọ́n ṣe ṣe chipper. Kì í ṣe àrà tuntun. Láyé ìgbà tí igi ṣì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù, àwọn ará Skọ́tíláǹdì ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní jigger, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ti òde òní kúrú bíi putter, èyí tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì. Ó máa ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 89. Ṣùgbọ́n ojú irin rẹ̀ dẹ̀yìn bíi ti irin 7 tàbí 8, tàbí kó lé díẹ̀. Iléeṣẹ́ Ping gbé ọ̀kan jáde ní 2022 tí wọ́n ń pè ní ChipR, dígírì 38.5 ni ojú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ irin náà sábà máa ń fẹ̀, kó lè yọ̀ lórí ilẹ̀ dípò kó wa á.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ kò ju báyìí lọ: ẹ máa gbá a bí ẹni tó ń lo putter. Ọrùn ọwọ́ kò ní ṣẹ́, èjìká méjèèjì ló máa mì bí agogo ògiri. Bọ́ọ̀lù á gbéra díẹ̀, á fo koríko tó wà létí, á balẹ̀ sórí gíríìnì, á wá máa yí lọ sídìí ihò. Nǹkan tó lè bàjẹ́ ti dín kù, torí ọwọ́ yín ò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹni tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹni tí oríkèé ń dùn, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rí àyè dé pápá, àǹfààní ńlá nìyẹn fún wọn.

Ilẹ̀ tiwa náà bá a mu. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń gbẹ, á le bí amọ̀ sísun, koríko á sì fọ́nká. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó fò sókè tó balẹ̀ lè ta síbikíbi, àmọ́ èyí tó ń yí nílẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Kì í ṣe gbogbo pápá ní Nàìjíríà ló sì ní koríko lórí gíríìnì láyé àtijọ́. Yanrìn tí wọ́n po epo mọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ kó dán, ni wọ́n ń lò, wọ́n ń pè é ní “browns”. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Peter Tupling, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti parí Nigerian Open ti 1981 ní Ìkòyí pẹ̀lú 255 fún ọjọ́ mẹ́rin: 63, 66, 62 àti 64. Nígbà náà, kò sí ẹni tó tíì gbá iye tó kéré bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje ńlá. Èmi ò sọ pé chipper ló fi ṣe é o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lórí ilẹ̀ wa lè ṣe nǹkan ribiribi níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa lò ó? Ẹ dúró súnmọ́ bọ́ọ̀lù, kí ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà lọ́gangan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀, kí ìwúwo ara yín wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, kí ọwọ́ yín sì ṣíwájú irin díẹ̀. Ẹ di èèkù rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ bí ẹni mú òròmọdìyẹ dání. Lẹ́yìn náà, ẹ má wo ihò. Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé olùkọ́ tó ń tẹnu mọ́ èyí kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Pẹ̀lú chipper tàbí irin 7, bọ́ọ̀lù máa ń fò ìdá kan, á sì yí ìdá mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ní bọ́ọ̀lù yín wà ní mítà 2 sí etí gíríìnì, ihò sì wà ní mítà 10 sí etí náà. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mítà 12. Ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ mítà 3. Nítorí náà, mítà kan sínú gíríìnì ni kó balẹ̀, kó máa yí lọ. Tí ilẹ̀ bá dagun lọ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ṣáájú ibẹ̀. Tó bá ń gòkè, ẹ gbé e jìnnà sí i. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, yíyí rẹ̀ á dín kù. Ojú yín ni yóò kọ́ yín ní ìyókù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kejì wàyí. Bọ́ọ̀lù wà ní mítà 6 sí etí gíríìnì, ihò sì wà ní mítà 2 péré sí etí náà. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mítà 8, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Ìyẹn fi hàn pé inú koríko gíga ni bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí, á sì há síbẹ̀. Chipper ò lè yanjú èyí. Kò lè fo kòtò yanrìn kó balẹ̀ jẹ́jẹ́, kò lè jáde nínú yanrìn, kò sì rí nǹkan ṣe fún bọ́ọ̀lù tó rì sínú koríko òjò oṣù kẹfà. Wedge lẹ máa pè síbẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Ẹni tó bá ra chipper kó má baà kọ́ wedge, ó kàn ti sún wàhálà síwájú ni.

Ìdí nìyí tí ẹ ò fi ní rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́. Ọ̀pá 14 péré ni òfin gbà kí ènìyàn ní nínú àpò. Ẹni tó bá kó márùndínlógún lọ sínú ìdíje, wọ́n á fi ẹyọ méjì kún iye rẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan tó ti ṣẹ̀, kò sì ní ju mẹ́rin lọ. Tí chipper bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn náà mọ̀ pé ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè fi irin kan ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Seve Ballesteros, ọmọ ilẹ̀ Spéènì tó gba Open ní 1979, 1984 àti 1988, tó tún gba Masters ní 1980 àti 1983, orí yanrìn etí òkun abúlé rẹ̀, Pedreña, ló ti kọ́ eré, pẹ̀lú irin 3 kan ṣoṣo. Kádì lòun náà bẹ̀rẹ̀ sí. Irin 3 o! Ojú ẹ̀ ò dẹ̀yìn rárá, síbẹ̀ ó ń fi í gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó ń fi í yí i.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan: má tíì ra nǹkan kan. Irin 7, èyí tá a ń pè ní fer 7, wà nínú gbogbo àpò, kódà nínú èyí tí ọ̀gá gbé fún ọ pé kó o máa fi ṣeré. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 gùn ju chipper lọ, nítorí náà di èèkù rẹ̀ mú nísàlẹ̀ díẹ̀, dúró súnmọ́ bọ́ọ̀lù, kó o gbá a bí putter. Ìyàtọ̀ tó kù ò pọ̀. Àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ tó fún ìkọ́ṣẹ́: ri agolo mọ́lẹ̀, tẹ́ aṣọ ìnujú síbi tó o fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, kó o sì máa sápá.

Ní ti àwọn bàbá àti ìyá wa tí ọwọ́ ń dùn, kí wọ́n rà á, ojú ò tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n la ojú wọn dáadáa, pàápàá lórí àlòkù àti èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ojú méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún àti ẹni tó ń lo òsì lè jọ lò ó. Ó dùn ún wò, àmọ́ òfin kò gbà á. R&A ní St Andrews àti USGA ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣòfin eré náà, ka chipper sí irin, wọn ò kà á sí putter. Ojú kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní. Èèkù kan ni, èèkù náà sì gbọ́dọ̀ rí róbótó, kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi ti putter. Gìgísẹ̀ irin náà ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti wọlé, kì í ṣe àárín. Ẹni tó bá fi olójú méjì gbá bọ́ọ̀lù kan péré nínú ìdíje, wọ́n á lé e jáde. Fún kádì tó ń wá ẹ̀bùn owó ìdíje, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ti wọlẹ̀ nìyẹn. Nínú àgbàlá yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yá chipper lọ́wọ́ ẹnì kan ní pápá fún wákàtí kan. Ẹ kọ́kọ́ fi irin 7 gbá bọ́ọ̀lù 20 láti ibì kan náà, kẹ́ ẹ ka iye tó dúró láàárín gígùn ọ̀pá kan sí ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi chipper gbá 20 mìíràn. Tí ìyàtọ̀ ò bá ju bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì lọ, ẹ dá ọ̀pá padà fún olówó ẹ̀, kẹ́ ẹ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ wá owó ẹ̀.