Gáàsì Ń Dún Nílé Ìdáná: Èwo Ló Yẹ Ká Sá Fún?

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Palmgrove, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ inú Ṣómólú àti Bàrígà, ariwo ilé ìdáná á bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé face-me-I-face-you, ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà lè jọ máa dáná lójú kan náà, kí sílíńdà oníkálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan á máa ṣe ṣíìì, òmíràn á máa kùn hùnnn, ẹ̀kẹta á dún pọ́ọ̀! bí wọ́n bá ṣe pa á. Èyí tó dún pọ́ọ̀ ni gbogbo ilé máa ń fò fún. Èyí tó ń ṣe ṣíìì jẹ́jẹ́ lẹ́nu sílíńdà, wọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Ìró tó ń já èèyàn láyà kì í sábà ní ewu púpọ̀. Èyí tí etí ti mọ́ lára ni ká yẹ̀ wò.

Propane àti butane ló wà nínú sílíńdà. Agbára tí wọ́n fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ló sọ wọ́n di olómi, ìdí rẹ̀ nìyí tí sílíńdà fi ń ró gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ tí àwọn èèyàn bá mì í láti mọ̀ bóyá gáàsì ṣì kù. (Ọ̀nà tó sàn jù wà: kí wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, kí wọ́n fọwọ́ kàn án láti òkè wálẹ̀. Ibi tó bá ti tutù ni gáàsì dé.) Lítà kan olómi yìí, tó bá bọ́ síta, á di nǹkan bíi 250 lítà gáàsì. Nítorí náà, àṣà kí wọ́n dojú sílíńdà dé, tàbí kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èyí tó kù lè jáde, léwu gan-an: olómi lè gba inú rẹgulétọ̀ kọjá, kí iná sì ru sókè lórí bọ́nà lójijì.

Rẹgulétọ̀ ló ń dín agbára gáàsì kù kó tó gba inú rọ́bà dé bọ́nà. Awọ pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí gáàsì ṣe ń kọjá. Tí wọ́n bá ṣí bọ́nà méjì sókè pátápátá, awọ yìí lè máa gbọ̀n, òun ló ń kùn hùnnn. Kíkùn yẹn nìkan kò sọ pé gáàsì ń jò. Àmọ́ tó bá ń le sí i, tàbí tí iná ń fò sókè tó tún ń wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan fọwọ́ kàn án, rẹgulétọ̀ ti gbó nìyẹn. Kí wọ́n ra tuntun. Kò sí èrè kankan nínú kí ẹnìkan máa tú u wò lójú títì.

Ṣíìì ńkọ́? Bí wọ́n bá ṣe ṣí ẹnu sílíńdà, ó lè dún fíìn kan ṣoṣo bí gáàsì ṣe ń sáré wọ inú rọ́bà, kó sì dákẹ́. Èyí tí kò bá dákẹ́ ni jíjò. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáṣà kékeré tó wà lẹ́nu sílíńdà ló ti gbó tàbí tó ti já, tàbí kí kílíìpù tó di rọ́bà mú ti dẹ̀. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìṣáná. Kí wọ́n po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, kí wọ́n fi kànìnkànìn pa á yí ọrùn sílíńdà ká, kí wọ́n pa á mọ́ rẹgulétọ̀ àti gbogbo ara rọ́bà, kí wọ́n wá ṣí gáàsì láìtan iná. Ibi tó bá ń jò á yọ ìfófòó kan ṣoṣo, á máa fẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, á bẹ́, òmíràn á tún yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tó ń fi ìṣáná wò ó!

Pọ́ọ̀ tó ń dérù bani, iná ló sá padà sínú bọ́nà nígbà tí gáàsì dín kù. Ẹ̀ẹ̀kan lásán kò ní nǹkan ṣe. Tí iná bá wá ń jó nínú bọ́nà fúnra rẹ̀, tó ń hó gùùù, kí wọ́n pa á, kí ó tutù, kí wọ́n fọ ìdọ̀tí àti ìrẹsì tó ti dí àwọn ojú ihò rẹ̀. Gbìì! tó máa ń jó irun ojú ní tirẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń fà á: ó ti ṣí gáàsì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná kiri. Ìṣáná ló yẹ kó kọ́kọ́ jó.

Imú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gáàsì kò ní òórùn kankan rárá. Wọ́n ń fi èròjà kan sí i ni, tó ń rùn bí ohun tó ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1937, gáàsì tí kò lóòórùn kún abẹ́ ilé-ìwé kan ní New London, Texas, láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rọ iná mànàmáná kan ṣáná, ilé-ìwé náà bú gbàmù, àwọn tó kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, tó jẹ́ pé ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Texas fi dandan lé e pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì. Ìṣòro tó kù ni pé imú tètè máa ń mọ́ òórùn lára, àti pé ní àdúgbò tí gọ́tà ti ń rùn tọ̀sán-tòru, ó rọrùn kí wọ́n di ẹ̀bi ru gọ́tà.

Gáàsì inú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń wá: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, inú gọ́tà. Ojú fèrèsé tó wà lókè nìkan kò lè lé e jáde. Ilẹ̀kùn ni kí wọ́n ṣí gbayawu. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣúìṣì, ì báà jẹ́ ti fáànù. Ewu kan sì wà tí àwọn ará Èkó kì í sábà rò. Bí gáàsì bá ti ń jò nígbà tí kò síná, igbe "Up NEPA!" táwọn ọmọdé ń ké lè jẹ́ àkókò tó burú jù lọ, torí fíríìjì á tan ara rẹ̀, á sì ṣáná kékeré láìsí pé ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Tí ibi tí wọ́n ti ń pa iná ilé bá wà níta, tó jìnnà sí gáàsì, kí wọ́n pa á níbẹ̀.

Ohun tí gáàsì tó bá pàdé iná lè ṣe kò jìnnà sí Palmgrove. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, gáàsì bú gbàmù ní Òpópónà Ojekunle, Ladipo, ní Mushin, ó kéré tán èèyàn márùn-ún ló bá a lọ. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, ibùdó gáàsì kan gbiná ní Baruwa, Ìpájà, ó pa èèyàn, ó sì jó ilé àwọn tó wà nítòsí. Abájọ tí ìjọba fi ń ti àwọn ṣọ́ọ̀bù gáàsì tó wà láàárín ilé pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún máa ń ṣí padà.

Kí á sì má gbàgbé èyí tí kì í dún rárá. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde nínú iná tí kò jó dáadáa, kò ní ìró, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé nínú ilé àtijọ́ tó ní ààrò gáàsì lára ògiri pálọ̀, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ààrò bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe kọ́, kọ́, kọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń gbóná, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tí iná rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú dípò àwọ̀ búlúù, tí ògiri sì ń dúdú, oníṣẹ́ gáàsì tó wà nínú ìwé Gas Safe Register ni wọ́n ń pè. Òfin sì ní kí onílé máa jẹ́ kí wọ́n yẹ gáàsì ayálégbé wò lọ́dọọdún. Ní Ṣómólú, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ àti eèdú tí wọ́n ń dá nínú yàrá ló ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní ibà ni. Tó bá mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì balẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde síta, kì í ṣe ibà.

Bí iná bá ti ràn lẹ́nu sílíńdà, tí ọwọ́ ṣì lè dé ibẹ̀, kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ pa. Pípa iná lásán láìti gáàsì kò dára, gáàsì á máa tú jáde, á tún wá iná mìíràn. Tí ọwọ́ kò bá lè débẹ̀, kí gbogbo ilé jáde, kí wọ́n tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, níta. Kí wọ́n dárúkọ bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ wọn jù, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu àdúgbò láti mú àwọn panápaná wọlé, torí láàárín ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì Ṣómólú, ọkọ̀ ńlá wọn kì í tètè rí ọ̀nà.