AYÙN ỌNÀ: ÈYÍ TÍ Ó TỌ́ KÍ ÀGBẸ̀ RÀ

Nígbà tí a bá ti sá kòkó gbẹ tán, tí àgbàdo ti wọ àká, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ọwọ́ àgbẹ̀ a máa dilẹ̀ díẹ̀ ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ní àkókò náà gan-an ni pákó ń gbẹ dáadáa. Nítorí èyí, ó jẹ́ ìgbà rere fún ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ igi ṣe ìgbádùn ara rẹ̀: kí ó gé nọ́ńbà fún pátákó orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lẹ́tà A B D fún àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé, tàbí férémù àwòrán àti àpótí ìwé fún ilé ara rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ayùn tí abẹ rẹ̀ tín-ín-rín, tí ó lè yí kọ́nà láìfa pákó ya. Ayùn ọnà ni a ó máa pè é ní ojú-ìwé yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. A kà nínú Ìwé Eksodu pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó pe Besaleli ní orúkọ, tí ó sì fún un ní ọgbọ́n láti gbẹ́ igi àti láti gé òkúta fún iṣẹ́ àgọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ń bẹ nínú ríra irinṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi owó kòkó ra ẹ̀rọ tí ó jóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a tan án, tàbí ẹ̀rọ tí a kò rí abẹ rẹ̀ rà mọ́, àpótí ìjókòó ni ó rà, ó sì rà á ní ọ̀wọ́n. Kí a má ṣe wo ìtóbi ẹ̀rọ tàbí dídán ọ̀dà ara rẹ̀. Iná tí ó ń jẹ, abẹ tí ó ń lò, àti bí ó ti dúró ṣinṣin tó, àwọn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

OHUN TÍ AYÙN ỌNÀ LÈ ṢE

Agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá a máa mú odindi ìtì igi, a sì máa fi àáké kékeré àti ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ láti òde wọ inú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947 lábẹ́ ìtọ́jú Fáda Kevin Carroll, níbi tí Lámídì Fákẹ́yẹ, ará Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún. Ayùn ọnà kò lè ṣe irú iṣẹ́ náà. Pákó pẹrẹsẹ ni tirẹ̀. Ó ń tẹ̀lé ìlà tí a fà sórí pákó, ìbáà ṣe róbótó, ìbáà ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Bí a bá fẹ́ gé àárín pákó láìla etí rẹ̀, a ó lu ihò kékeré kan, a ó ki abẹ bọ inú rẹ̀, a ó sì dè é padà mọ́ ẹ̀rọ. Bí a ti ń gé inú lẹ́tà A àti nọ́ńbà 8 nìyẹn.

ORÍṢI MẸ́TA

Èkíní ni ayùn ọnà ọlọ́wọ́. Férémù irin rẹ̀ tẹ̀ bí lẹ́tà U, abẹ rẹ̀ sì so mọ́ ẹnu méjèèjì. Kò jẹ iná, kò sì gbówó lórí. Ẹni tí ń lò ó a máa jókòó, a gbé pákó lé pátákó kékeré tí a gé ẹnu rẹ̀ bí lẹ́tà V, tí a sì dè mọ́ etí tábìlì. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń kọ́ ọwọ́ ní sùúrù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju nọ́ńbà orin àti nǹkan ìṣeré ọmọdé lọ kò nílò ju èyí lọ.

Èkejì ni ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí iná mànàmáná tó gbilẹ̀, irú ẹ̀rọ yìí pọ̀ ní òkè òkun. W. F. and John Barnes ní ìlú Rockford ní Amẹ́ríkà ṣe é tà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé-iṣẹ́ Hobbies ní ìlú Dereham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn kan jáde fún àwọn aláyùn ọnà ní 1895. Kò yẹ kí a fi ojú tín-ín-rín ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Káfíńtà tí ó mọṣẹ́ lè lo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ láti ṣe ọ̀kan ní abúlé tí iná kò dé.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ oníná. Òun ni ó yá jù, òun ni ó sì ń fa àṣìrà jù. Nítorí náà, kí a gbé e yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

OHUN MẸ́FÀ TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ LÁRA Ẹ̀RỌ ONÍNÁ

1. Iná. Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ fóltì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni ó sì ti Amẹ́ríkà wá. Bí a bá ki wáyà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ iná ilé wa ní tààrà, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì jó. Irin pélébé kan wà lára ẹ̀rọ tí a kọ èyí sí. Kí a kà á kí a tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ 120, tiransifọ́mà ni a ó fi dín iná kù fún un, owó tiransifọ́mà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ẹ̀ńjìnnì ayùn ọnà kì í jẹ iná púpọ̀: wáàtì 90 sí nǹkan bí 160 ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lè jẹ 1000. Nítorí náà ẹ̀rọ amúnáwá kékeré lè gbé e.

2. Abẹ. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ní píìnì kékeré ní orí àti ìdí, tí a fi ń kọ́ ọ mọ́ ẹ̀rọ. Ó rọrùn láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n ihò tí píìnì yóò gbà kọjá gbọ́dọ̀ tóbi, nítorí náà kò lè ṣe ọnà wẹ́wẹ́. Èkejì kò ní píìnì. Skúrù ni a fi ń dì í mú. Ihò tí kò ju ti abẹ́rẹ́ ńlá lọ tó fún un. Ẹ̀rọ tí ó lè gba méjèèjì ni ó dára jù. Abẹ ẹ̀rọ sábà máa ń gùn ní ínṣì 5, abẹ ayùn ọlọ́wọ́ tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà sì gùn ju ínṣì 6 lọ. Wọn kò lè rọ́pò ara wọn. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti máa ra abẹ rẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ó pa owó rẹ̀ mọ́.

3. Apá. Nínú ẹ̀rọ kan, apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ bí lẹ́tà C. Ó ń yára gé, ṣùgbọ́n abẹ rẹ̀ a máa fì síwájú sẹ́yìn, etí ohun tí a gé kì í sì í gún régé ní kọ́nà. Nínú òmíràn, apá méjèèjì ń lọ sókè sódò pọ̀ ní ìbámu, abẹ sì dúró gangan. Ẹ̀kẹta ń fi àwọn irin kúkúrú gbé abẹ sókè sódò. Òun ni kì í gbọ̀n púpọ̀. Fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó yan ọ̀kan nínú méjì ìkẹyìn. Kí ó gbé ẹ̀rọ lé tábìlì, kí ó tan án, kí ó sì gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ń dà, ẹ̀rọ náà kò tọ́.

4. Eré. Ẹ̀rọ tí a lè yí eré rẹ̀ padà, láti nǹkan bí ìgbà 400 dé 1700 ní ìṣẹ́jú kan, ju èyí tí eré rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lọ. Igi rírọ̀ bí arère, ọmọ àti afàrà lè gba eré. Ṣùgbọ́n ìrókò àti apá ń fẹ́ pẹ̀lẹ́. Bí a bá sáré sí wọn, igi yóò jó dúdú, abẹ yóò sì kú.

5. Àlàfo. Èyí ni ìwọ̀n tí ó wà láàárín abẹ àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ínṣì 16 ni ó wọ́pọ̀, 20 sì wà. Ínṣì 16 tó fún fere gbogbo iṣẹ́ ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí a lè yí pákó padà gé e láti ìhà kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó gọbọi nítorí àlàfo tí kò ní lò. Pákó tí ẹ̀rọ lè gé kì í sábà nípọn ju ínṣì 2 lọ.

6. Àwọn ohun kékeré. Tábìlì tí ó lè dagun dé ìwọ̀n 45, ẹsẹ̀ kékeré tí ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò, ọ̀pá tí ń fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lórí ìlà, àti ibi ìpaná tí ọwọ́ lè tètè kàn. Nínú wọn, ibi ìpaná ni ó ṣe pàtàkì jù.

BÍ A TI Í LÒ Ó

Eyín abẹ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Kí eyín tí ó wà nínú pákó ní ẹ̀ẹ̀kan má dín sí mẹ́ta. Kí a fa abẹ le títí yóò fi dún bí okùn gòjé nígbà tí a bá fi ìka ta á. Kí a má ṣe ti pákó. Kí a máa darí rẹ̀, kí a jẹ́ kí abẹ jẹun fúnra rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Ní ọjà pákó Bódìjà, kí a wá pákó tí ó gbẹ, nítorí èyí tí ó tutù yóò lọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e tán, nọ́ńbà orin yóò sì wọ́ lójú ìjọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́nà tán, gbẹ́nugbẹ́nu á sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

NÍ TI ÌLERA

Ayùn ọnà kì í sábà gé ìka sọnù bí àwọn ẹ̀rọ ayùn ńlá, nítorí náà ni àwọn ènìyàn kò fi bẹ̀rù rẹ̀. Ewu rẹ̀ wà nínú ohun tí a kò kà sí. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná púpọ̀, a sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Láti 1995 ni àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti inú imú. Ti ìrókò a máa mú ara yún ẹlòmíràn, a sì máa fa ikọ́ fée. Kí a ṣiṣẹ́ ní gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí a fi ìbomú tí ó ṣe pẹ́kí bo imú àti ẹnu, kí a sì wo gíláàsì. Kí a lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá ni a ń lò, kí a gbé e jìnnà sí ilé, kí a má ṣe gbé e sí yàrá, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun. Kò sí ọnà kan lára pákó tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn.

NÍ TI OKO

Kí a má ṣe da ìyẹ̀fun igi tútù sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo kí a sì rò ó mọ́ ilẹ̀. Bí ó ti ń jẹrà, yóò fa oúnjẹ ilẹ̀ sí ara rẹ̀, ewé yóò sì pọ́n. Kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, kí a fi sílẹ̀ ní òkìtì fún oṣù mélòó kan títí yóò fi dúdú, nígbà náà ni ó di ilẹ̀dú. Ìyẹ̀fun pákó tí a ti fi oògùn kòkòrò tàbí ọ̀dà kùn kò yẹ fún ilé adìyẹ rárá.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á: Fóltì mélòó ni? Níbo ni abẹ rẹ̀ wà? Ṣé a lè tan án kí a rí i? Bí ìdáhùn kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tẹ́ni lọ́rùn, kí ó padà sílé pẹ̀lú owó rẹ̀, kí ó ra ayùn ọlọ́wọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀la. Nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ gé ń fi orin han ìjọ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fi ẹ̀rọ gé.