Òdòdó Tí Kì Í Bá Ewé Rẹ̀ Pàdé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, òdòdó ilẹ̀ kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nervilia kotschyi, láti inú ìdílé ọ́kíìdì. Ọ̀dàn onígi ni ibùgbé rẹ̀, irú èyí tó wà ní agbègbè òkè Agbájà, òkè olókùúta irin lẹ́bàá Lọ́kọ́ja.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òdòdó á yọ láti inú iṣu kékeré abẹ́ ilẹ̀, láìní ewé. Ìgbà tó bá rọ tán ni ewé kan ṣoṣo á tó jáde. Ewé yìí ló ń bọ́ iṣu náà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé e pé koríko lásán ni, ó ti gba oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Irúgbìn rẹ̀ dà bí eruku, kò ní oúnjẹ nínú. Irú olú tín-ín-rín kan nínú ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ kó tó lè hù. Nítorí náà, a kò lè gbìn ín bí àgbàdo.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: bí ẹ bá ń ṣánko, ẹ fi etí oko tó kún fún òkúta sílẹ̀. Iṣu yín kì í ta dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó yìí lè rí ibi sá sí.