Èédú Tí Ń Fa Oró Mọ́ra

Èèpo àgbọn kì í pẹ́ dé ààtàn. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ńṣe ni wọ́n bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe da irú èèpo bẹ́ẹ̀ nù, àti kóró èso píìṣì pẹ̀lú. Èédú ni wọ́n fi wọ́n ṣe, tí wọ́n dì í sínú ìbòmú àwọn ọmọ ogun, kí afẹ́fẹ́ olóró má baà pa wọ́n.

Èédú yìí kì í ṣe ti ìdáná lásán. Wọn a kọ́kọ́ sun èèpo níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, eérú ni yóò kù. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá fẹ́ oru omi sí i nínú iná tí ó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 800 sí 1000. Oru yìí ni ó ń lu ú ní ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá lè tẹ́ inú ihò gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè ju mítà onígun mẹ́rin 1000 lọ! Ara ihò wọ̀nyí ni aró, òórùn àti ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò inú omi ń lẹ̀ mọ́. Èèpo líle èkùrọ́, tí àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá ti ń fi dáná tipẹ́, wúlò fún un pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kì í mú iyọ̀ kúrò nínú omi, kò sì tó ohun tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Omi tí ó bá ní àrùn nínú ṣì gbọ́dọ̀ di sísè. Bí ihò rẹ̀ bá sì ti kún, omi yóò kàn máa gba ara rẹ̀ kọjá ni, tòun ti oró rẹ̀, àfi bí a bá pààrọ̀ èédú náà.